Ọjọ́ Tí Lẹ́tà Àǹtí Tẹlifóònù Dé

Ní ilé iṣẹ́ omi wa, ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Kòsí. Òbí rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà ló kó o bá a. Wá ni orúkọ irinṣẹ́ náà. Tí o bá ń wá ímeèlì kan láàárín ogún ọ̀kẹ́ tí ilé iṣẹ́ ti kó jọ, ojú dúdú kan á là níwájú ẹ. Kò sí àwòrán, kò sí bọ́tìnnì, kò sí ohun tí wàá fọwọ́ tẹ̀. Ṣe ni wàá kọ̀wé sí i bí ẹni ń ránṣẹ́ sí àna tó le: láti:báǹkì sí:ọ̀gá ọjọ́:àná. Bí ó bá rí i, á tò ó sílẹ̀. Bí kò bá rí i, á dá ẹ lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì péré: Kò sí. Kò ní sọ pé ẹ má bínú. Kò ní sọ pé ẹ tún gbìyànjú. Kò sí náà ni, bí ìgbà tí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ènìyàn lójú.

Kòsí fẹ́ràn irinṣẹ́ yìí ju bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ojú ara rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ronú lórí àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Bí ènìyàn bá kọ páìpù, tó fi àlàfo sí i, tó tún kọ ìdọ̀tí, ṣé lẹ́tà tó ní méjèèjì ló ń wá ni, àbí èyí tó bá ní ọ̀kan nínú wọn? Kòsí ní méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í, tí gbogbo wa ń pè ní Alátakò, ní ọ̀kan tó. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méje. Tábìlì kan náà ni wọ́n ń lò o, ṣùgbọ́n bébà pélébé ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, awakọ̀ ọ́fíìsì ló sì ń gbé e láti apá ọ̀tún tábìlì lọ sí apá òsì.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ti fara mọ́ kádàrá. Ọmọ wọn obìnrin á ní, “Dádì, ẹ bá mi wá ìbọ̀sẹ̀ mi,” Kòsí á ní, “Ṣé funfun ni, àbí kì í ṣe funfun? Ṣé ṣáájú ìfọṣọ àná, àbí lẹ́yìn rẹ̀?” Kó tó parí ìbéèrè, ọmọ ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà lásán, ó ti dé ilé ẹ̀kọ́, díẹ̀ ló kù kó gboyè jáde ní yunifásítì.

A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ Ẹtì tí páìpù ńlá bẹ́.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ti lọ díẹ̀ nígbà tí fáàfù ẹ̀rọ kẹta, èyí tó ń dá omi dúró, fò yọ. Omi wọ ọgbà wa láìkan ilẹ̀kùn. Ó gbé kẹ̀kẹ́ mẹ́jọ, ó gbé àga mẹ́rìnlélógún, ó wọ kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ilé, ó kó gbogbo fáìlì lọ. Ilé mọ́kànlá ládùúgbò ni omi mù dé orúnkún. Ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ní dandan ni kí orí kan kúrò lọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orí tó sì súnmọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ ni ti Àǹtí Tẹlifóònù.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti wà nínú yàrá kékeré ẹ̀bá géètì. Òun ní ń gbé tẹlifóònù, òun ní ń gba ìwé tó bá wọlé, òun ní ń fi í ránṣẹ́ sókè. Òun náà ló yọ ìwé tí Kòsí fi wá iṣẹ́ jáde nínú agbọ̀n ìdọ̀tí lọ́jọ́sí, tó nu àbàwọ́n tíì kúrò lára rẹ̀, tó sì dá a padà sórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà. Oṣù márùn-ún ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Ẹjọ́ rẹ̀ nìyí. Bàbá Pọ́ǹpù, tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, ti kọ ìwé ìkìlọ̀ nípa fáàfù náà kó tó fò. Bàbá yìí ò gba ímeèlì gbọ́. Bébà ló máa ń kọ, á sì fi rán awakọ̀. Àǹtí ní òun gba bébà náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù, òun ya àwòrán rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, òun sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Àgbà nípasẹ̀ ímeèlì kí òun tó jẹun ọ̀sán. Òun ò kọ àkọlé sí i nítorí tẹlifóònù mẹ́ta ló ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Bébà gan-an ńkọ́? Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ilé. Omi tí ó ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ ló gbé e lọ.

Ọ̀gá Àgbà ní òun ò rí ìwé kankan. Nínú àwọn méjèèjì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa parọ́, wọ́n sì ti mọ èyí tí kò ní awakọ̀ nínú wọn.

Wọ́n pe Kòsí pé kó wá a. Ó kọ láti:tẹlifóònù sí:ọ̀gá ọjọ́:12. Kò sí. Ó wá ọjọ́ kọkànlá títí dé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn mìíràn jáde, èyí tí wọ́n ń wá ò sí níbẹ̀. Kò lè fi ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà wá a, nítorí àwòrán ni, Wá ò sì lè ka àwòrán. Ó bu ọwọ́ lùwé pé, “Mo wá a. Kò sí.” Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta á jókòó ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ní aago méjì ọ̀sán, ṣùgbọ́n láti Ọjọ́rùú ni wọ́n ti tẹ ìwé tí wọ́n máa fi lé Àǹtí kúrò níṣẹ́, kí ìgbẹ́jọ́ má baà fi àkókò ṣòfò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, ìyàwó Kòsí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ìyá yẹn parọ́, àbí?”

“Wá ní kò sí.”

“Mi ò bi Wá. Wá kọ́ ni mo fẹ́.”

Kòsí dìde. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀, ó gbàgbé ṣíbí.

Ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀bá géètì. Ohun tó fẹ́ lọ sọ ò yé òun alára. Ó bá Àǹtí tó ń kó dúrọ́ọ̀ rẹ̀ sínú páálí: pẹ́ẹ̀nì mẹ́tàlá, gíláàsì ojú méjì, àti bàtà kan tí kò mọ ibi tí èkejì wà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí.”

“Iṣẹ́ wo? Ìyẹn tí o bu ọwọ́ lù pé mi ò ṣe?”

“Àǹtí, mo wá a. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo wá a!”

“Ọmọ mi, mo fi í ránṣẹ́. Bí mo bá parọ́, kí tẹlifóònù yìí má dún mọ́.”

Tẹlifóònù dún. Ó gbé e, ó ní kí ẹni náà dúró díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Ibẹ̀ ni iná ti ṣẹ́ pàù, ó lọ, ó padà dé. Kọ̀ǹpútà Àǹtí, tó ti dàgbà tó láti ní ọmọ-ọmọ, kú, ó sì tún jí. Láìronú, Àǹtí bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọọ̀dù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì tẹ nǹkan.

“Kí lẹ ń ṣe yẹn?”

“Mò ń tún aago rẹ̀ ṣe ni. Bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Nígbàkigbà tí iná bá lọ, á padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1980. Bí mo bá ráyè, mo máa ń tún un ṣe. Bí tẹlifóònù ò bá jẹ́ kí n ráyè, á kú síbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.”

Kòsí di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. “Iná lọ ní ọjọ́ kejìlá?”

“Ọjọ́ wo ni iná kì í lọ?”

“Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé bátìrì kú?”

“Mo kọ̀wé sí Ọ̀gá Àgbà. Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ni mo kọ̀wé.”

“Wọn ò sì dáhùn?”

“Ta ní ń dáhùn ìwé nílé iṣẹ́ yìí?”

Kòsí ti ń sáré. Àtẹ̀gùn méjìdínlógójì ló wà láàárín géètì àti ọ́fíìsì wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mẹ́ta péré nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé e. Ọjọ́ méjì ni ímeèlì kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀kan ni èyí tí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ kọ sí i lórí. Èkejì ni òǹtẹ̀ tí ẹ̀rọ tó ń gba ìwé fún gbogbo ilé iṣẹ́ ń lù sí i bó ṣe ń wọlé. Nígbà tí Kòsí ń ṣe òfin Wá, ó ní bí ènìyàn bá kọ ọjọ́, ti ẹni tó kọ lẹ́tà ni kí ó túmọ̀ sí. “Ìyá tó bímọ ló mọ ọjọ́ tó bí i,” ló wí. Alátakò bi í pé ọmọ tó bá parọ́ ọjọ́ orí ńkọ́. Wọ́n tún bá a lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìkí ara wọn. Kòsí borí, nítorí òun ni ọ̀gá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà ni Wá fi ń wá a, òun náà ló sì fi ń to àpótí ímeèlì gbogbo wa, tuntun lókè, àtijọ́ nísàlẹ̀.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ó já wọ ọ́fíìsì, ó kọ láti:tẹlifóònù ọjọ́:1980. Wá dá a lóhùn: Ọdún yìí kò bójú mu. Lọ tún èrò ara rẹ pa.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ èsì yìí. Ó ti ṣe òfin kan pé ọdún èyíkéyìí tó bá ṣáájú ìgbà tí ilé iṣẹ́ ra kọ̀ǹpútà, àṣìṣe òmùgọ̀ ni. Fún ọdún méjì ló ti ń retí òmùgọ̀ tí yóò kọ ọ́.

“Kí ló ṣe yín tí ẹ ń mí bí páìpù?” Alátakò ń jẹ bísíkítì.

“Lẹ́tà Àǹtí wà ní 1980.”

Alátakò gbé bísíkítì kalẹ̀. Ó ti yé e, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti ń dúró de ọjọ́ yìí bí ẹni ń dúró de ọkọ̀.

Kòsí ṣí òfin náà kó lè pa á rẹ́. Ìlà kan ló yẹ kó pa rẹ́, méjì ló pa. Wá kú fin-ín, ó sì pọ ogójì ìlà ìráhùn jáde. Aago kan ààbọ̀.

“Ẹ sún,” ni Alátakò wí, ó sì fi ìdí tì í kúrò lórí àga. Ó dá ìlà kejì padà. Wá jí. Wọ́n tún ìbéèrè náà kọ. Òjìdínnírinwó lẹ́tà ló dà wálẹ̀, gbogbo wọn pátá ló ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1980. Kí a tó rí obìnrin tó dà bí Àǹtí, yóò pẹ́: iṣẹ́ ọdún méjì, ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ṣe é, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó bí Kòsí.

“Èwo nínú wọn?” Kòsí ń lagun. “Ìdajì wọn ni àwòrán bébà, tí kò ní àkọlé. Òǹtẹ̀ ìgbà tó wọlé la nílò, Wá ò sì lè fi òǹtẹ̀ wá nǹkan. Títí n óo fi kọ ọ́, wọ́n á ti lé ìyá yìí délé.”

“Mo ní i.”

“O ní kí ni?”

“Dé. Ọ̀rọ̀ tó ń fi òǹtẹ̀ ìwọlé wá lẹ́tà, tí mo kọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ẹ fi gègé pupa kọ Kò Pọn Dandan sí lára.” Ó ṣí fódà kan. Orúkọ tó fún fódà náà ni Ẹ Máa Wá Bẹ̀ Mí.

Kòsí wo orúkọ náà. Aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

“Mo bẹ̀ ẹ́,” ló wí.

Alátakò so ó mọ́ Wá. Wọ́n kọ láti:tẹlifóònù sí:ọ̀gá dé:12 ọjọ́:1980. Ìlà kan ṣoṣo jáde: ó wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá, aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Wọ́n ṣí i. Bébà onílà ni, ọ̀rọ̀ Bàbá Pọ́ǹpù sì dorí kodò nínú àwòrán: “Fáàfù kẹta ti ń sunkún. Tí ẹ ò bá wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò ní sunkún mọ́, yóò pariwo.”

Kòsí ní kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní íǹkì aláwọ̀ búlúù ti tán, nítorí náà òun ò lè tẹ dúdú. Kòsí gbé kọ̀ǹpútà àgbéká fúnra rẹ̀ há abíyá.

“Ẹ dúró,” Alátakò dì í mú lẹ́nu ilẹ̀kùn. “Tí ẹ bá wọlé tí ẹ ní aago kọ̀ǹpútà Àǹtí ló parọ́, wọ́n á bi yín pé ta ló ni aago. Òun náà ni wọ́n máa lé. Orúkọ ẹ̀sùn nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀.”

Òótọ́ ni. Kòsí dúró sójú kan, ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún, ó kọ láti:tẹlifóònù sí:ọ̀gá bátìrì ọjọ́:1980. Mẹ́tàdínlógún ló jáde, bí Àǹtí ṣe wí gẹ́lẹ́.

Nígbà tó já wọ yàrá ìpàdé, Àǹtí wà lórí àga kan láàárín, páálí rẹ̀ lórí itan. Alága ìgbìmọ̀ ti gbé pẹ́ẹ̀nì lé ìwé. Ọ̀gá Àgbà jókòó sápá kan, ó ń wo aago.

“A ò pè ẹ́,” ni Alága wí. “Ìwé tí o bu ọwọ́ lù ti tó.”

“Irọ́ ni ìwé náà, sà. Lẹ́tà wà.”

Kòsí gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn. Ó fi òǹtẹ̀ hàn wọ́n, ó fi bébà Bàbá Pọ́ǹpù hàn wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ orí sápá kan kí wọ́n lè kà á.

“1980 rèé lórí rẹ̀,” Ọ̀gá Àgbà na ìka. “Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ba ọjọ́ jẹ́. Ta ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yẹn?”

Àǹtí la ẹnu. Kòsí yára.

“Bátìrì rẹ̀ ló kú, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ni Àǹtí kọ̀wé sí yín pé kí ẹ ra òmíràn. Ẹ wò ó. Ìgbà tí aago bá ti bàjẹ́ ni wọ́n máa ń rántí kọ ọ́, nítorí náà ọjọ́ tó bàjẹ́ ló wà lórí gbogbo wọn. Àwọn ìwé náà rì sísàlẹ̀ àpótí yín, lábẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lẹ́tà. Lẹ́tà fáàfù náà wà níbẹ̀. Ẹ ò rí i, ẹ ò sì parọ́. Àǹtí fi í ránṣẹ́, àwọn náà ò parọ́.”

“Kí ló wá rì í?” Alága bèèrè.

Kòsí mọ̀ pé ní oṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ gbé Wá lọ sí ẹ̀ka mẹ́fà, pé wọ́n sì ti ní kó wọ kóòtù wá ya fọ́tò. Ó wo Àǹtí. Àǹtí ń wo inú páálí.

“Èmi ni. Èmi ni mo ní kí Wá máa fi ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà tò ó, kó má wo ọjọ́ tó dé. Wọ́n sọ fún mi pé kò dáa. Mo ní mo mọ̀ ọ́n ṣe.”

Alága mí kanlẹ̀. “Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé a ti tẹ ìwé yìí, bébà tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lórí sì ti tán.”

“Kí ẹ pààrọ̀ orúkọ, sà.”

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Alága fi pẹ́ẹ̀nì fa igi sórí orúkọ Àǹtí, ó kọ ti Kòsí sí i lókè, ó sọ “títí láé” di “oṣù mẹ́ta,” ó gbàgbé láti pa “Ìyáàfin” rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyáàfin Kòsí ṣe gba ìwé lọ-gbélé-ẹ. Bátìrì ńkọ́? Ọ̀gá Àgbà fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí Àǹtí fi ímeèlì bèèrè fún un.

Kòsí padà sókè, ó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sórí bébà, ó fún Alátakò. Ọmọbìnrin náà ti jókòó sórí àga rẹ̀. Ó ti ń pa ìlà rẹ́.

“Rọra o,” ni Kòsí wí lẹ́yìn rẹ̀. “Ìlà yẹn…”

“Ọ̀gá, ẹ máa lọ sílé. Ẹ ń mí sí mi lọ́rùn.”

Ó sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀bá géètì ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti da ohun inú páálí padà sínú dúrọ́ọ̀, Àǹtí sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó fi èjìká di tẹlifóònù mọ́ etí, ó ń kọ̀wé.

“Òpópónà kẹsàn-án? Láti àárọ̀? Ó mà ṣe o. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún nọ́ńbà ilé yín pè fún mi.”

Nígbà tí Kòsí dé iwájú fèrèsé, Àǹtí gbé ọwọ́ sókè sí i láìgbé ojú kúrò lórí bébà, ó sì tún bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó pè bóyá omi náà ń kán tàbí kò wá rárá.